Ọwọ́ Tí Afeezat Jù Sílẹ̀

Afeezat tún ṣubú. Ìgbà kẹsàn-án nìyẹn láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó tì í. Òun nìkan ló wà lórí pèpéle sìmẹ́ńtì tí àwọn àgbẹ̀ ìlú Ìyèré máa ń sá kòkó sí, bàtà onítáyà ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ki etí híjáàbù bọ inú ẹ̀wù. Ó gbọn eruku orúnkún dànù, ó tún gbéra. Yóò yí bírí bírí, yóò la ìka ọwọ́ méjèèjì lójijì bí ẹni tó di nǹkan mú tẹ́lẹ̀, yóò lóṣòó kíá, yóò sì máa fi orí bàtà ọ̀tún wọ́ ilẹ̀ títí eré yóò fi kú. Nígbà tó di ìgbà kejìlá, ó dúró sójú kan láìṣubú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dára lójú.

Ẹ má rò pé eré ìdárayá lásán lọmọ náà ń ṣe. Ẹ̀san ló ń kọ́. Ó fẹ́ ju Olúyọmí sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí òun fúnra rẹ̀ má sì fara gbọgbẹ́.

Ta ni Olúyọmí? Ẹnìkejì rẹ̀ ni. Afeezat jẹ́ ọmọ Raheem, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ìgboro Ọ̀wọ̀. Bàbá Olúyọmí ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní tirẹ̀. Àwọn méjèèjì wà ní SS2 nílé ìwé kan náà, bàtà onítáyà ló sì so wọ́n pọ̀. Jonah, mẹkáníìkì ọ̀kadà tó wà ní oríta Ìyèré, ni kóòṣì wọn. Ìgbà tí Jonah ń gbé Benin ló ti kọ́ bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ṣe ń fi bàtà onítáyà jó papọ̀. Nígbà tó padà wálé, ó wá ọmọ méjì tí ara wọn yá, ó sì ń kọ́ wọn lórí pèpéle kòkó náà ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ó ní Ọ̀wọ̀ ò tíì gbọ́ irú eré yìí rí, àwọn ni yóò kọ́kọ́ fi hàn wọ́n.

Ijó tí wọ́n fi ń parí eré wọn ni wọ́n ń pè ní Ìjì. Wọn yóò kojú síra wọn, ìka yóò kọ́ ìka, wọn yóò fẹ̀yìn tì sẹ́yìn, wọn yóò wá máa yí títí ojú olùwòran yóò fi ṣókùnkùn. Nínú Ìjì, ọwọ́ ẹnìkejì rẹ ni ẹ̀mí rẹ wà.

Lọ́jọ́ Àyájọ́ Àwọn Ọmọdé, wọ́n ṣe Ìjì ní ìlú Ìpele. Èrò pọ̀ bí ewé. Ibi tí wọ́n ti ń yí lọ́wọ́, àfi bí Afeezat ṣe rí i pé Olúyọmí la ìka, tó sì tún fi àtẹ́lẹwọ́ tì í lọ. Ó fò lọ bí ọmọ ẹyẹ, ó fi ẹnu gbá ìjókòó àwọn àlejò pàtàkì. Eyín iwájú kan yọ. Àwọn kan ń sáré bọ̀, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ ló sì gbé fóònù sókè. Kí ó tó dé ilé, fídíò náà ti ṣáájú rẹ̀ dé. Láti ọjọ́ náà, kò ní orúkọ mìíràn nílé ìwé ju Fèrèsé lọ. Bó bá wọ kíláàsì, wọn a ní, “Fèrèsé, jọ̀ọ́ ṣí i díẹ̀ sí i, ooru ń mú wa.”

Kóòṣì Jonah wá kí i nílé. Afeezat bi í léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Jonah wo ilẹ̀. “Òógùn ni,” ló wí. “Ọwọ́ Olúyọmí ló yọ̀.”

Afeezat mọ̀ pé irọ́ ni. Ọwọ́ tó yọ̀ kì í ti ènìyàn. Olúyọmí náà wá lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kan tòun ti màmá rẹ̀, ṣùgbọ́n Afeezat ti ìlẹ̀kùn yàrá mọ́rí.

Ṣẹ̀fíátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, ló wá da epo sí iná náà. “Òun nìkan ló fẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún,” ló wí. “Tèmi bá ni, màá ṣe é padà fún un. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.”

Àǹtí Àbẹ̀ẹ́bí, àbúrò bàbá rẹ̀, gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wọlé wá. “Afeezat, ṣé o ti gbọ́ tẹnu ọmọkùnrin náà?”

“Kí ni mo fẹ́ gbọ́, Àǹtí? Ojú mi ló ṣe.”

“Ojú rí ìṣe, kò rí inú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.”

“Ẹ fi sílẹ̀, mà. Ọ̀rọ̀ náà ti tán.”

Kò tán o. Iná ló bọ abẹ́ eérú.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó padà sí orí pèpéle pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Olúyọmí sáré pàdé rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tàsé.

“Afeezat, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìpele yẹn, mo fẹ́...”

“Má wulẹ̀ sọ ọ́. Mo ti gbàgbé.”

“Kóòṣì ti ṣàlàyé fún ọ, àbí?”

“Ó ti ṣàlàyé.”

Kóòṣì Jonah wà nítòsí, ó ń tún bàtà kan ṣe. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kàkà kó sọ̀rọ̀, ńṣe ló túbọ̀ tẹrí ba sídìí bàtà, ó ń dè nọ́ọ̀tì tó ti le tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé àwọn òṣìṣẹ́ eré ìdárayá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ ní oṣù kọkànlá, pé wọn yóò mú ọmọ méjì tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Jonah ń jó, Olúyọmí ń jó. Afeezat náà jó, ṣùgbọ́n ìlù tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ti rí ọjọ́ tó ń wá. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ Sátidé ló ń dá lọ sí Ìyèré, kí àwọn àgbẹ̀ tó wá tú kòkó wọn sílẹ̀, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde nínú Ìjì láìfarapa. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò wá kọ́ ìka rẹ̀ mọ́ ti Olúyọmí, yóò máa rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni o, ẹ ò rí i bí ikùn ṣe jìn.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn ńlá kan nígboro Ọ̀wọ̀ ni wọ́n lò, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta jókòó tàwọn ti bírò lọ́wọ́. Orin bẹ̀rẹ̀. Kí n má parọ́, àwọn ọmọ náà ò tíì jó tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí Olúyọmí bá yà sọ́tùn-ún, Afeezat ti yà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, obìnrin kan tó sanra, gbé bírò sílẹ̀, ó ń mi orí.

Wọ́n bọ́ sínú Ìjì. Ìka kọ́ ìka. Afeezat rí ojú obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti mú àwọn. Bí òun bá di ọwọ́ yìí mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré sí i, ó ti bùṣe. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ rọ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kan àlàfo tí eyín wà tẹ́lẹ̀. Ó tún gbọ́ ẹ̀rín Ìpele létí, ó gbọ́ Fèrèsé, Fèrèsé.

Ó la ìka.

Olúyọmí fò lọ, ó fi èjìká lu etí ìtàgé, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ìró egungun. Afeezat lóṣòó, ó fi orí bàtà wọ́ ilẹ̀, ó dúró pẹ́kí gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ. Ẹnìkan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó rò pé ara eré ni.

Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ ọn fún bí ìṣẹ́jú kan, títí tó fi gbọ́ bí Olúyọmí ṣe ń kérora. Lẹ́yìn náà, adùn náà lọ, kò sì mọ ibi tó gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òun àti Kóòṣì Jonah lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti fi ìdè funfun di apá àti èjìká Olúyọmí. Màmá rẹ̀ ti jáde lọ ra oògùn. Bí Olúyọmí ṣe rí Afeezat, ó fẹ́ dìde, ara ò gbà á.

“Ṣé o ò farapa?” ló kọ́kọ́ bi í.

Afeezat mi orí.

“Ọlọ́run ṣeun. Táyà ẹ wo ló há?”

“Há bíi báwo?”

“Ṣebí táyà ẹ ló há tó o fi jù mí sílẹ̀. Mo ti sọ fún màámi pé o ṣe é bó ṣe yẹ. Bí táyà ẹnìkan bá há nínú Ìjì, kó ju ẹnìkejì sílẹ̀ kíá ni, kó tì í jìnnà. Bó bá di í mú, ó máa wó lé e lórí tòun ti irin ẹsẹ̀, ó sì lè dá a lọ́rùn. Ohun tí Kóòṣì kọ́ mi nìyẹn. Ohun tí mo ṣe fún ọ ní Ìpele náà nìyẹn. Ó dùn mí pé eyín ẹ lọ, àmọ́ mi ò rí nǹkan mìíràn ṣe.”

Afeezat yíjú sí Jonah. Àgbàlagbà ọkùnrin náà ti fi ọwọ́ bo ojú.

“Èmi ni mo jẹ̀bi,” ni Jonah wí. “Bíárìn àlòkù, irin tó ń mú táyà yí, ni mo fi sí bàtà Olúyọmí lọ́jọ́ náà. Òun ló há. Mo bẹ̀rù pé bí àwọn òbí yín bá gbọ́, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wá mọ́. Mo wá sọ pé òógùn ni. Olúyọmí nìkan ni mo sì kọ́ ní òfin jíju-sílẹ̀ yẹn, mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́. Mo jẹ́ kí Olúyọmí rò pé mo ti ṣàlàyé fún ọ.”

Irọ́ ti wà lẹ́nu Afeezat, ó ti jinná, jíjẹ ló kù: *táyà òsì ni.* Bó bá sọ ọ́, ó parí. Olúyọmí yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

“Táyà mi ò há,” ló wí. Omi ti bọ́ lójú rẹ̀. “Mo mọ̀ọ́mọ̀ jù ọ́ sílẹ̀ ni. Mo rò pé o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ní Ìpele. Mo ti ń dá kọ́ ọ láàárọ̀ Sátidé.”

Olúyọmí wò ó títí. “Láti ìgbà wo?”

“Oṣù mẹ́ta.”

“Oṣù mẹ́ta. O sì ń rẹ́rìn-ín sí mi.” Ó yí ojú sí ògiri.

Ohun tó tẹ̀lé e kò kéré. Àwọn ọmọ ìlú mìíràn ni wọ́n mú lọ ṣojú ìpínlẹ̀. Kóòṣì Jonah lọ dọ̀bálẹ̀ nílé àwọn òbí méjèèjì, ó jẹ́wọ́, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ gún un lára bó ṣe tọ́. Raheem gba bàtà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí. Ṣẹ̀fíátù tó ní kó gbẹ̀san ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń tọ́ka sí i pé ìkà ni.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí èjìká Olúyọmí tó san. Lọ́jọ́ kan, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Raheem fúnra rẹ̀, ó ní òun ti dárí ji Afeezat, kí wọ́n jẹ́ káwọn padà sẹ́nu eré. Àǹtí Àbẹ̀ẹ́bí bá wọn bẹ Raheem, ó gbà. Wọ́n padà sí Ìyèré. Jonah ti ra bíárìn tuntun sí gbogbo bàtà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ìjì. Bí eré ṣe ń le, ìka Olúyọmí là fúnra rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ìka tún là. Lẹ́ẹ̀kẹta, bákan náà. Òógùn bò ó, ó sì dúró.

“Èmi ti dárí jì ọ́, Afeezat,” ló wí. “Ọwọ́ mi ni kò tíì gbà.”

Jonah wá kó wọn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọ kékeré. Wọ́n ń rìn létí pèpéle, ọwọ́ nínú ọwọ́, láìsáré rárá, ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn ò tíì lè ṣe Ìjì.

Ẹ̀yin ọmọ, inú lè bí ènìyàn, ó sì lè tọ́ kó bí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbẹ̀san, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Afeezat fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ènìyàn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà á láti bi Olúyọmí pé, “Kí ló dé tó o fi jù mí sílẹ̀?” Kò rí ìṣẹ́jú kan náà lò.