Ẹlẹ́gàn Méjì Lórí Ilẹ̀ Òkúta

Ọjọ́ tí Dúdúyẹmí kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, òṣé ló fi kí i káàbọ̀.

Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ igi rẹ̀, ẹrẹ̀ kùn ún dé ìgúnpá, nígbà tó rí bàtà funfun kan tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Bàtà funfun, lórí ilẹ̀ pupa! Ó gbójú sókè, ó rí ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ títí tí etí rẹ̀ fi lè gé èèyàn lọ́wọ́, ó rí ẹ̀wù tí eruku kò tíì bà lé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rán an. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Afínjú dé. Wọ́n tún ti rán aláìníṣẹ́ kan sí mi."

Orúkọ tó mọ́ ọkùnrin náà lára nìyẹn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ń pè é ní Afínjú.

Iṣẹ́ Dúdúyẹmí ni kó máa jí ilẹ̀ tó ti kú dìde. Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú tí àwọn afọ́kùúta ti họ, tí wọ́n ti lá, tí wọ́n sì ti kọ̀ sílẹ̀ bí ẹni jẹran tán tó ju egungun nù. Ó gbin irú igi tó máa ń yára dàgbà, tó ń fún ilẹ̀ lọ́ràá, síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbin àwọn igi ńlá tí kì í kánjú sábẹ́ wọn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà títí tí ewé fi jẹrà di ilẹ̀ dúdú, tí àwọn ẹyẹ sì padà wá. Ṣùgbọ́n àwọn igi àkọ́kọ́ ti wá pọ̀ jù. Wọ́n bo àwọn igi ńlá lójú, oòrùn kò sì rí wọn. Àfi kí wọ́n gé lára wọn. Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ náà sì ti búra pé bí igi tí wọ́n bá gé kò bá wúlò fún nǹkan kan, òun á dá òkè náà padà fún àwọn afọ́kùúta.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe Afínjú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ya àwòrán àga àti tábìlì, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn wọ́n.

"Ẹ̀yin ni dókítà igi?" ni ó bi í.

"Èmi ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ibi ìgbéyàwó lẹ ń lọ ni?"

Afínjú yí ojú sí orí òkè. Ó ń wo àwọn igi náà, ó sì yínmú. "Igi tí wọ́n ní kí n wá fi ṣe àga nìyí? Èyí tó wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó ṣẹ́ tó tún jinná? Ẹ má bínú o, dókítà, mo ti rí igi ìdáná tó dáa jù ú lọ."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ má bínú," ni Dúdúyẹmí wí. "Mo ṣèèṣì rò pé ẹni tó mọṣẹ́ ni wọ́n rán wá. Igi tó bá gún régé, ta ni kò lè kàn án?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà, ó gbé e mì. Ó yí padà, ó ń gbẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹyẹ odò. Dúdúyẹmí tún pòṣé. Ṣùgbọ́n ó wò ó títí tó fi kọjá ẹnu ọ̀nà.

Àga àkọ́kọ́ tí Afínjú kàn, ìtìjú ni. Ọ̀gá Àgbà ti pe àwọn oníròyìn, ó ti wọ kóòtù, ó sì jókòó sórí àga náà kí wọ́n lè ya fọ́tò òun. Àga náà dún páú, Ọ̀gá Àgbà bá fìdí balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Dúdúyẹmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo èèyàn tú ká, ó lọ bá Afínjú níbi tó ti ń ṣa àfọ́kù igi.

"Ẹ ò jẹ́ kó gbẹ."

"Mo mọ̀ pé kò tíì gbẹ. Mo sọ fún un. Ó ní àwọn aláwòrán ò lè dúró de igi."

"Òun yẹn! Ọdọọdún ló ń gbin igi kan fún àwọn aláwòrán. Kì í yọ ọ̀rá tí wọ́n fi di gbòǹgbò rẹ̀ kúrò. Ọdọọdún ni igi náà sì ń kú."

Afínjú gbé igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Kì í yọ kí ni?"

"Ọ̀rá! Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ igbó o!"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Àwọn mìíràn, òdòdó ló ń fa ojú wọn mọ́ra. Ní ti àwọn méjì yìí, ẹ̀gàn Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ pa wọ́n pọ̀.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti jọ ń gun òkè. Dúdúyẹmí fi hàn án pé igi tó hù sórí ìdagẹ̀rẹ̀ máa ń tẹ ara rẹ̀ kó má bàa ṣubú, àti pé ibi tó tẹ̀ yẹn ni agbára rẹ̀ wà. Afínjú náà ṣíwọ́ bíbá igi jà. Ó ń wá èyí tó ti tẹ̀ bí apá àga láti inú igbó wá, èyí tó ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn èèyàn. Ó tò wọ́n síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ó sì ní sùúrù títí wọ́n fi gbẹ. Àga tó wá jáde láti ibẹ̀, bí èèyàn bá jókòó lé e, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n gbá a mọ́ra.

"Dúdú, ẹnu rẹ burú," ni Afínjú sọ lọ́jọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ abẹ́ páànù.

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi burú jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fẹ́ ẹlòmíì. Ẹkún ni yóò máa sun nínú ilé mi." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, adúmáradán. Bí o bá fẹ́, rẹ́rìn-ín."

Dúdúyẹmí ò rẹ́rìn-ín.  Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù bà á. "O pẹ́ kó o tó sọ ọ́," ni ó wí.

Ìyá Afínjú ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ó wo èékánná Dúdúyẹmí, tí ilẹ̀ kò jáde tán nínú rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni dókítà náà? Mo rò pé àwọn dókítà máa ń fọwọ́." Dúdúyẹmí fi ẹ̀rín gbà á. Ó ní ibi tí Afínjú ti rí ẹnu tó ń lò ti wá yé òun.

Ti Bàbá Dúdúyẹmí ló le. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, àbíkẹ́yìn rẹ̀ yìí ni ojú rẹ̀ méjèèjì. Nínú pálọ̀ rẹ̀, àwọn àga ńláńlá kan wà tí wọ́n fi góòlù yí létí. Ó ti fi wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ tipẹ́.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" ni Bàbá bi Afínjú.

"Mo ń ya àwòrán àga, mo sì ń kàn án, sà."

"Káfíńtà."

"Káfíńtà tó kàwé, sà."

Bàbá yọ ṣùtì. "Mo rán ọmọ yìí níwèé títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, ẹni tó ń kan ìṣó ló wá fà wálé. Wo àga tí o jókòó lé yẹn dáadáa. Ṣé o lè kan irú rẹ̀?"

Dúdúyẹmí tẹ Afínjú lẹ́sẹ̀ pé kó dákẹ́. Afínjú ò dákẹ́. Ó fi ìka kan àga náà kó, kó, kó, ó sì mi orí.

"Mi ò lè kan irú rẹ̀ láéláé, sà, ojú á tì mí. Èérún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ni. Bébà tí wọ́n ya igi sí ni wọ́n fi bò ó."

 Bàbá dìde, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Jáde nílé mi."

Ní ìta, ńṣe ni Dúdúyẹmí ń fi ìbínú sunkún. "O ò lè gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mì?"

"Ó bi mí ní ìbéèrè."

"Kò bi ọ́! Ó ń yangàn ni! Bàbá arúgbó tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí àwọn tó ń kí i ní ọ̀gá ti gbàgbé rẹ̀, kí ló kù tó máa fi yangàn? Àga yẹn náà ni, o sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!"

"Ìwọ náà ń gan èèyàn, Dúdú."

"Èmi kì í gan ẹni tí kò lágbára láti gan èmi náà padà. Máa lọ. Mi ò fẹ́ rí ọ mọ́."

Afínjú lọ. Ó ní ìgbéraga tí kò jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀, Dúdúyẹmí náà ní èyí tí kò jẹ́ kó pè é padà.  Ṣùgbọ́n bí Dúdúyẹmí bá gun òkè, ńṣe ló máa ń ṣèèṣì sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí kò sí ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ọ̀gá Àgbà. Ìyàwó tirẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́, kò sì ya Dúdúyẹmí lẹ́nu. Ọ̀gá Àgbà pè é sí ọ́fíìsì, ó ń fọwọ́ pa táì rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ òkè yẹn ń dà mí láàmú. Àwọn afọ́kùúta ò jẹ́ kí n sinmi. Ṣùgbọ́n bí èmi àti ìwọ bá di ọ̀kan, ta ló máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó mi?"

Dúdúyẹmí wò ó bí ẹni wo kòkòrò nínú ewé. "Ẹ tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi," ni ó wí, ó sì jáde. Ó rò pé ọkùnrin náà ò ní láyà láti lọ.

Ó lọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló dé, tòun ti kóòtù. Dúdúyẹmí ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, àyà rẹ̀ sì ń já, torí ó mọ̀ pé Bàbá fẹ́ràn kí wọ́n máa yin òun. Ọ̀gá Àgbà yin ilé, ó yin àwòrán ara ògiri, ó wá fọwọ́ ra apá àga.

"Kí ẹ sì wo àga! Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ nǹkan rà."

"O ṣeun," ni Bàbá wí. "Ìwọ tí o jẹ́ ọ̀gá àwọn onígbó, irú igi wo nìyí?"

"Kìkìdá igi líle ni, sà. Irú rẹ̀ ti wọ́n nínú igbó báyìí."

Bàbá dìde. Ó dorí àga kan kodò. Dúdúyẹmí rí i pé wọ́n ti fi ọ̀bẹ họ abẹ́ rẹ̀, èérún igi sì ń dà sórí kápẹ́ẹ̀tì bí gààrí tí àpò rẹ̀ lu. Àṣé Bàbá ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà wúkọ́. "Mo kúkú mọ̀, sà. Mo kàn ń bọ̀wọ̀ fún yín ni."

"O mọ̀?" Ohùn Bàbá lọ sílẹ̀. "Ọ̀kan jókòó síbẹ̀ yẹn, ó bú mi lójú mi. Ìwọ wá jókòó síbì kan náà, ò ń fi mí ṣeré bí ọmọ ọwọ́. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ lo gàn mí jù. Ó dàbọ̀."

Nígbà tí ọkọ̀ Ọ̀gá Àgbà ti lọ, Bàbá jókòó, ó ń mí lókè-lókè.

"Mi ò fẹ́ràn káfíńtà yẹn o."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ẹnu rẹ̀ dà bí ayùn. Kò ní ẹ̀kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣùgbọ́n kò purọ́ fún mi nítorí kó lè mú ọ lọ." Ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Lọ sọ fún un kó wá bẹ̀ mí. Bí kò bá bẹ̀ mí dáadáa, màá tún lé e."

Inú ìsọ̀ ni Dúdúyẹmí ti bá Afínjú, ìfági, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fá, bò ó dé orúnkún. Bẹ́ǹṣì gígùn ló ń kàn fún ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró ní ọsibítù. Igi wíwọ́ orí òkè náà ni.

"O ò dá iṣẹ́ dúró," ni Dúdúyẹmí wí.

"Kì í ṣe nítorí rẹ. Igi náà dáa ni." Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. "Dúdú mi, mo mà sọ ọ́ nù nítorí èérún igi."

"Òpònú ni ọ́."

"Mo mọ̀."

Dúdúyẹmí kó sí apá rẹ̀, ìfági lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Afínjú dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá, ó ní, "Ẹ dákun, sà. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ, ṣùgbọ́n mi ò fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ohun tí ẹ ní ni mo fọ́."

"Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó ṣì ní òótọ́ lòun sọ!" ni Bàbá kígbe. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí i kó dìde.

Ọ̀gá Àgbà ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó fa ìsàlẹ̀ òkè lé àwọn afọ́kùúta lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Dúdúyẹmí dúró, ó wo igi tó fi ọwọ́ gbìn bó ṣe ń wó, kò sì ṣe é rẹ̀ lẹ́kún. Òkè tó kù ni ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà kò tó, nítorí àwọn ọsibítù mìíràn ti ń béèrè bẹ́ǹṣì, ìgbìmọ̀ tó wà lórí Ọ̀gá Àgbà sì kọ̀ fún un.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù, èèyàn ò pọ̀. Ìyá ọkọ wo ọwọ́ ìyàwó, ó ní, "O fọwọ́ lónìí." Bàbá ìyàwó ní iyàrá náà kéré, akọ̀wé ò mọ ìwé kà, ó sì sunkún níbi tó rò pé ẹnì kankan ò rí òun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn tọkọtaya gbé ayùn gun òkè láti dín igi kù. Dúdúyẹmí fọwọ́ kan igi kan tó kọ́kọ́ hù níbẹ̀, ó ní, "Èyí." Afínjú mú orí ayùn kan, òun náà mú èkejì. Nígbà tí igi náà wó, oòrùn ya wọlé láti òkè, ó bọ́ sórí ọmọ igi ńlá kan tí kò ga ju ìbàdí lọ, tí kò rí oòrùn rí láyé rẹ̀. Ewé rẹ̀ tàn yòò.

Dúdúyẹmí bo ojú. Afínjú, tí kì í ṣaláìrí nǹkan sọ, wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ẹrẹ̀ àti gbogbo rẹ̀, wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀.