Fọ́ọ̀mù Mọ́kànlá

"Ẹ má gbé apá yín sókè, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó sinmi lórí tábìlì."

Ọmọbìnrin náà we ọ̀já ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá àgbàlagbà tó jókòó níwájú rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì ń wo nọ́ńbà tó ń sáré lójú ẹ̀rọ. Ẹni kẹtàdínlógún láàárọ̀ yẹn nìyí. Kò tíì jókòó láti aago méje.

"Ṣé mo ṣì wà láyé?" bàbá náà béèrè.

"Ẹ wà níbẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà yín dára ju tèmi lọ."

"Kí wọ́n yáa gbà mí síṣẹ́ dókítà."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ó kọ ọjọ́ àti aago. Ó béèrè bóyá ẹsẹ̀ bàbá ń wú, nítorí ẹsẹ̀ wíwú ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn pé kíndìnrín ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá ní rárá. Ó kọ "Rárá", ó sì pe ẹni tó kàn.

Akọ̀wé ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ti ṣe ìdánwò àṣekágbá, ó ń retí èsì, wọ́n sì gbà á fún iṣẹ́ oṣù mẹ́fà nínú ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn yunifásítì. Àwọn olùkọ́ ìṣègùn ibẹ̀ ti fi ọdún mẹ́jọ ṣe oògùn kan nínú yàrá ìwádìí, oògùn tó lè dá àrùn kíndìnrín dúró. Ní báyìí, wọ́n ti gbé e jáde láti mọ ohun tó máa ṣe lára èèyàn. Àjọ kan ló ń gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, alábẹ̀wò àjọ náà á wá yẹ ìwé wò. Bí ohun tó bá rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, owó ọdún méjì mìíràn á wọlé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, iṣẹ́ parí.

Akọ̀wé mọ ohun tí "iṣẹ́ parí" túmọ̀ sí ju ẹnikẹ́ni lọ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń lo oògùn náà. Aránṣọ ni. Lọ́dún tó kọjá, kò lè jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ títí apá aṣọ kan á fi parí. Nísinsìnyí, ó ń rán odidi aṣọ iléèwé kan lóòjọ́. Kò sí ilé oògùn kankan tó ń ta oògùn náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Nọ́ọ̀sì àgbà pe Akọ̀wé àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Kíákíá.

"Mẹ́rìndínlógún nínú àwọn tó ń lo oògùn kò wá lóṣù yìí," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ lọ wá wọn nílé. Ẹni tí ẹ bá bá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ẹ kò bá bá, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Mà."

Títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti rí márùn-ún. Orí òkè lẹ́yìn ìlú ni mọ́kànlá tó kù ń gbé, níbi tí ọkọ̀ kì í dé. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹrẹ̀ sì bo ọ̀nà. Kíákíá jókòó sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan tó wà ní títì.

"Mi ò gun òkè yẹn. Bàtà mi kan ṣoṣo nìyí."

"Mọ́kànlá ló kù."

"Mo mọ kíkà. Mú fọ́ọ̀mù jáde. Wo nọ́ńbà wọn toṣù tó kọjá, yọ méjì níbí, fi mẹ́ta kún un lọ́hùn-ún. Ó tán."

"Nọ́ọ̀sì ní ká fi àyè sílẹ̀."

"Fi sílẹ̀ nígbà náà. Kí alábẹ̀wò rí àyè òfo mọ́kànlá, kó di báàgì rẹ̀, kó máa lọ. Màmá tèmi kọ́ ló ń lo oògùn."

Akọ̀wé wo òkè náà. Lẹ́yìn náà ó ṣí bírò.

Kíákíá ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn yá jù o."

Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè bóyá ẹsẹ̀ wú, ó kọ "Rárá" lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Kò gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ojú ọ̀run ti ń là lórí òkè náà nígbà tí wọ́n yí ẹ̀yìn sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, alábẹ̀wò dé. Obìnrin tín-ínrín tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Kò wo ìwé ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin tó jẹ́ olórí ìwádìí náà, gbé síwájú rẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù márùn-ún yọ láàárín òkìtì, ó ní kí wọ́n fún òun ní fóònù, ó sì ń pe àwọn tó ni wọ́n níṣojú Akọ̀wé àti Kíákíá, kí gbogbo wọn lè máa gbọ́. Ẹni méjì àkọ́kọ́ dáhùn dáadáa. Fọ́ọ̀mù kẹta jẹ́ ti káfíńtà kan tó ń gbé lórí òkè; obìnrin kan ló gbé fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, káfíńtà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

"Ọkọ mi ti kú," ni obìnrin náà wí. "Láàárọ̀ àná."

Alábẹ̀wò fa fọ́ọ̀mù náà sún mọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà. Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wú, láti Ọjọ́bọ̀. Kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mo ní kí n wá ẹni tó máa gbé e, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé oṣù ti pé, àwọn ọmọ tó máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ òun á wá, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe."

"Ṣé wọ́n wá lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Ẹnikẹ́ni kò wá."

Alábẹ̀wò gbé fóònù kalẹ̀. Ó yí fọ́ọ̀mù náà sí wọn. "Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹsẹ̀ wú: rárá. Ta ló kọ èyí?"

Kíákíá ń wo fèrèsé.

"Èmi ni, Mà," ni Akọ̀wé wí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé èèyàn méjì mìíràn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹsẹ̀ àwọn náà wú. Wọ́n tètè dé wọ́ọ̀dù, wọn kò kú.

Nọ́ọ̀sì bá Akọ̀wé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pariwo. "Àyè òfo mọ́kànlá lo ń bẹ̀rù? Ogún irú rẹ̀ la ti ṣírò mọ́ ìwádìí náà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àjọ mọ̀ pé gbogbo ìwádìí ló ń pàdánù èèyàn. Ò bá bi mí léèrè."

Àjọ dá owó dúró. Gbogbo ohun tí Akọ̀wé ti kọ láti oṣù márùn-ún di ohun tí a kò lè gbà gbọ́ mọ́, àti òótọ́ ibẹ̀ àti irọ́ ibẹ̀. Wọ́n kó oògùn tó kù padà.

Nílé, ìyá rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Mọ́mì."

"Kí ló dé?"

"Torí tiyín ni."

"Má fi mí sí i," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọkùnrin yẹn ní ìyàwó. Bó o bá fẹ́ sunkún, sun ún, ṣùgbọ́n má fi mí sí i." Ó tún gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ, ó ń rán aṣọ lọ. Oògùn tó ti lò tẹ́lẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ní ju ọjọ́ mẹ́rin lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Akọ̀wé padà sí ilé ìwòsàn. Kíákíá kò wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nọ́ọ̀sì lè bá a tún fọ́ọ̀mù mọ́kànlá náà ṣe.

"Èmi ni mo kọ wọ́n, Mà. Ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi pa wọ́n rẹ́."

"A kì í pa nǹkan rẹ́ nínú iṣẹ́ yìí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Fa ìlà kan ṣoṣo la nọ́ńbà náà kọjá, kí èèyàn ṣì lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kọ òótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fọwọ́ sí i, kọ ọjọ́."

Akọ̀wé jókòó ti àwọn fọ́ọ̀mù náà. Ìlà kan, "A kò lọ", orúkọ rẹ̀, ọjọ́. Ìlà kan, "A kò lọ", orúkọ rẹ̀, ọjọ́. Ó fi ti káfíńtà ṣe ìkẹyìn. Ó fa ìlà la "Rárá" kọjá, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti wú láti Ọjọ́bọ̀, pé ó ń retí wọn, pé wọn kò lọ.

Àyè òfo kì bá tí ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ẹni tó bá rí i á béèrè pé, "Ọkùnrin yìí dà?", wọ́n á sì gun òkè lọ wò ó. Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé kọ síbẹ̀ ló pa ìbéèrè náà lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá kọ ohun tí kò rí, kódà nítorí ìyá rẹ̀, ó ti pinnu fún ẹlòmíràn pé kí wọ́n má wá a mọ́.

Ó to fọ́ọ̀mù mọ́kànlá náà jọ, ó gbé wọn lé tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kí i, ó sì jáde.