Ohun Tí Akọ̀wé Kọ Nípa Ẹṣin Tẹ́ẹ́rẹ́

Ẹrẹ̀ bo ojú ọkùnrin náà dé etí, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun, nígbà tó yọjú sí fèrèsé Akọ̀wé ní pápá eré ẹṣin.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ó máa ń tètè rẹ ẹṣin mi?"

"Èmi ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ bọ́jú ná."

Ẹlẹ́ṣin ni, Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Akọ̀wé ní tirẹ̀ ló ń kọ bí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré sínú ìwé tí àwọn òǹwòran ń kà: èyí tó ń já síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ń fi agbára pamọ́ di ìparí. Ajásíwájú ni ẹṣin Tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá dá wà níwájú, á gbégbá orókè. Bí òmíràn bá ń bá a du iwájú, ó parí nìyẹn.

Ojoojúmọ́ ni Tẹ́ẹ́rẹ́ ń wá jiyàn. Nígbà tó yá, iyàn tán, kò dẹ́kun wíwá. Akọ̀wé fẹ́ràn rẹ̀, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ.

Bàbá Akọ̀wé ló yarí. Òun ló ń pín ẹrù tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń gbé sáré, èyí tó lágbára jù gbé èyí tó wúwo jù, kí eré lè dọ́gba. "Bó o bá fẹ́ ẹ, ta ló máa gba ìwé rẹ gbọ́ mọ́? Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Iṣẹ́ ni àbí òun?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni eré ńlá bọ́ sí, ajásíwájú mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ Akọ̀wé wúwo, síbẹ̀ ó kọ ọ́: "Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa tán ara wọn lágbára. Ti Tẹ́ẹ́rẹ́ ò ní lè wọ ipò kẹta pàápàá."

"Olólùfẹ́ mi, bó o ṣe fẹ́ràn mi tó nìyí?" ni Tẹ́ẹ́rẹ́ bi í láàárọ̀ ọjọ́ eré.

"Bó ṣe rí ni mo kọ. Dá a dúró díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀."

"Kì í gbọ́ràn. Ó jọ ẹnì kan tí mo mọ̀."

Àwọn mẹ́ta náà já síwájú lóòótọ́, wọ́n ń du iwájú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tó kù díẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wúwo, àwọn ará ẹ̀yìn sì ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ipò karùn-ún. Omi lé ròrò sójú Akọ̀wé.

Bàbá rẹ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ránṣẹ́ pe Tẹ́ẹ́rẹ́. "Inú ò bí ọ sí i?"

"Ó bí mi, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè sọ òótọ́ fún mi báyìí, níbo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn? Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ fi ọmọ yín ṣaya."

Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í. "Máa ṣe iṣẹ́ rẹ lọ. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé o ń ṣègbè. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá mi."

Akọ̀wé di ọwọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ mú lójú bàbá rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi délé.