Ẹni Tó Ń Kágò Lójú Kọ̀ǹpútà

Ohun tó bí Sàlísù nínú ni pé kọ̀ǹpútà náà tún ń kágò, bẹ́ẹ̀ ó ti yọ àgò náà kúrò nínú rẹ̀ láàárọ̀.

Atún-rédíò-ṣe ni ní àdúgbò Alabar, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kumasi ní ilẹ̀ Ghana. Lọ́dún 1991 yẹn, ó ra ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan ní ọjà Asafo, ó sì pinnu láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò tí yóò máa jí i, tí yóò sì máa darí rẹ̀. Ètò kékeré ni, tí kò ní ṣe ju kó jẹ́ kí ó kọ̀wé kí ó sì tọ́jú rẹ̀ lọ. Ti òyìnbó ti wúwo jù. Nítorí pé a kì í já wọlé onílé, ó ṣe é pé bí ẹ̀rọ bá jí, yóò kọ "Àgò o". Bí òun bá tẹ "Yà", iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ wo! Bó bá ti tẹ "Yà", ẹ̀rọ á kú, atẹ́gùn tútù á sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá sí yàrá ìyá rẹ̀. Ó tàn án, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tàn án. Wọ́n kírun alásárì tán, kò tíì jẹun. Inú ń bí i bí ẹni tí ajá gbé ẹran rẹ̀ lọ.

"Sàlísù," ìyá rẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù, rọra pè é láti orí ibùsùn àìsàn. "Àwọn àlejò wo lò ń gbà wọlé látàárọ̀? Wọn ò kí mi o. Wọ́n kàn ń wò mí."

"Ìyá, kò sẹ́nì kankan."

"Kai! Ẹ̀gbọ́n mi Sàbírátù tó kú ní Krofrom rèé. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí àwọn ń dúró dè, kí àwọn mú mi máa lọ."

Sàlísù fò dìde. Ó fa wáyà iná yọ lára ògiri. Ojú ẹ̀rọ kò ṣú.

"Àgò o."

Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. Àlejò tí onílé kò dá lóhùn, ìta ni yóò wà. Ìyá òun kò ní bá ẹnikẹ́ni lọ.

Àmọ́ Wúlẹ̀mọ̀tù kò jẹ́ kí ènìyàn kágò lásán rí láyé rẹ̀.

"Haba, Sàlísù, o ò gbọ́ ni? Bàbá rẹ ló wà lẹ́nu ọ̀nà." Bàbá tí wọ́n ti sin kí Sàlísù tó mọ̀ ọ́n rìn. "Àgò yà o, bàbá Sàlísù. Ẹ wọlé."

Ojú ẹ̀rọ ṣú. Sàlísù gbọ́ ìró bàtà ìyá rẹ̀ nílẹ̀, ìyá tí kò lè dá dìde láti ìgbà ààwẹ̀. Ó sáré wọlé. Ìyá ṣì dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ ti tutù. Bàtà rẹ̀ nìkan ni kò sí lábẹ́ ibùsùn mọ́.