Ara Ṣàmsíátù Kò Kú

Abo ewúrẹ́ dúdú kan já wọ ṣọ́ọ̀bù Ṣàmsíátù ní ọjà Kpata, okùn ń wọ́ tẹ̀lé e, ọkùnrin gíga kan sì ń sáré lé okùn. Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, abọ́ tánganran tí Ṣàmsíátù tò láàárọ̀ ti dà wálẹ̀ gbàlàgàdà. Ọkùnrin náà rá wọ abẹ́ tábìlì, ó fi ewúrẹ́ mọ́ àyà, ó sì gbójú sókè pẹ̀lú òógùn àti ẹ̀rín.

"Òkun o," ó kí i, bí àlejò tí wọ́n ti ń retí.

"Ṣé bí ẹ ṣe ń tọrọ àforíjì nílé yín nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi, ewúrẹ́ ò mọ nǹkan kan."

Mákánjúọlá lorúkọ rẹ̀, dókítà ẹranko ni, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ láti orí òkè Àgbájà. Bó ṣe ń bá a ṣa abọ́, ó ṣàlàyé pé ewúrẹ́ náà ti dàgbà tó, ṣùgbọ́n kò wá akọ rí, òun sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Àgàn ni, àbí?" Ṣàmsíátù bi í.

"Ẹ jẹ́ ká má tíì pè é bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ ẹranko, ó wà nínú tèmi àti tiyín náà. Kísípẹ́ptìn ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń jí ọpọlọ pé àsìkò tó, tí ọpọlọ á fi ránṣẹ́ sí ibi tí ẹyin ọmọ wà. Bí kò bá ṣiṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ á kàn dákẹ́ ni. Kò kú, kò sì bàjẹ́."

Ọwọ́ Ṣàmsíátù dúró lórí abọ́. Ó ti lé lọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n, kò sì rí nǹkan oṣù rí. Ìyá rẹ̀ ti fún un lágbo títí ó fi sú wọn, wọ́n wá sọ ọ́ di àṣírí inú ilé. Ó ti lé àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ dànù láìsọ ìdí.

Láti ọjọ́ náà, Mákánjúọlá ò yéé ra abọ́.

"Ilé yín á mà ti kún o," Ṣàmsíátù fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó kún. Ẹni tó máa fi wọ́n bu oúnjẹ ló kù."

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó létí odò, Mákánjúọlá sọ pé òun fẹ́ rán àwọn ènìyàn òun sí bàbá Ṣàmsíátù, Alhaji Bùràímọ̀, láti tọrọ rẹ̀. Ṣàmsíátù wò ó lójú, ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún.

Mákánjúọlá sún mọ́ ọn. "Olólùfẹ́ mi, dókítà ewúrẹ́ ni mí, mi ò gbọdọ̀ méfò lórí ara rẹ. Àwọn oníṣègùn tó mọ̀ ọ́n wà ní Ìlọrin. Bó o bá fẹ́, màá sìn ọ́ lọ. Bó ò bá fẹ́, mo ṣì ń bọ̀ nílé yín."

Wọ́n lọ. Oníṣègùn sọ pé wọ́n bí àléébù kékeré kan mọ́ ọn: ibi tó yẹ kó gba iṣẹ́ tí kísípẹ́ptìn ń jẹ́ ni kò gbà á. Oògùn á mú kí ara rẹ̀ gbó bí ti obìnrin yòókù. Bó bá di pé ó fẹ́ bímọ, abẹ́rẹ́ wà tó lè jí ibi tí ẹyin wà. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè búra.

"Ká kúkú sọ fún ìyá mi pé kò sí ìṣòro kankan," Mákánjúọlá wí nínú ọkọ̀.

"Rárá o. Mi ò ní gbé irọ́ wọlé ọkọ."

Wọ́n gun òkè Àgbájà. Ìyá Mákánjúọlá ń bẹ gbágùúdá nígbà tí Ṣàmsíátù kúnlẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀. Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Òun nìkan ni mo bí. Bí abẹ́rẹ́ ọ̀hún ò bá jẹ́ ńkọ́?"

"Á dùn mí, Ìyá, á sì dùn yín. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni màá jẹ́, màá sì jẹ́ ọmọ yín. Bẹ́ ò bá lè gbà á, ẹ sọ fún mi, màá fi orí gíga padà sí Kpata."

Màmá dìde, ó wọlé, kò sì jáde mọ́.

Mákánjúọlá ní òun á gbé e níyàwó bẹ́ẹ̀ náà. Ṣàmsíátù kọ̀. "Mi ò ní jí ọ gbé lọ́wọ́ ìyá rẹ. Jẹ́ kí wọ́n rò ó." Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń ta ọjà rẹ̀, oṣù ń gorí oṣù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, inú rún un, ó sì rí ẹ̀jẹ̀. Ó mọ̀ pé oògùn ló fà á, síbẹ̀ ó jókòó lórí agbada tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Ó pe Mákánjúọlá lórí fóònù. Igbe ayọ̀ tí ìyẹn ké mú kí àwọn ajá aláìsàn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ máa gbó.

Kí ọjà tó túká lọ́jọ́ náà, ìyá Mákánjúọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ru iṣu.

"Mo ti rò ó," ó wí. "Ẹni tó gun òkè wá sọ ohun tó lè ba tirẹ̀ jẹ́, mi ò ní fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wá gbé ẹrù yìí lórí mi, ìyàwó."

Ṣàmsíátù sọ ẹrù náà kalẹ̀. "Ìyá, ìròyìn kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín—"

"Sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé mo ti dé kí n tó gbọ́."

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ààwẹ̀. Nígbà tí áfáà gbàdúrà ọmọ fún wọn, àmín ìyá Mákánjúọlá ló ròkè jù. Mákánjúọlá yọjú wo ìyàwó rẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ṣàmsíátù kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fún un pinpin, òun náà sì ṣe àmín.