Orí Tó Kẹ́yìn

Ọwọ́ rẹ̀ ni Ọmọ́bọ́lá kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀. Ọwọ́ gígùn kan báyìí, ọ̀dà pupa kún èékánná rẹ̀, ó sì di ìwé tí òun náà ń fà mú gírígírí, ní ìsọ̀ àlòkù ìwé kan ní Kétu.

"Aunty, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i o."

"Ta ni aunty yín? Ẹ fi ìwé mi sílẹ̀ jọ̀ọ́."

Ìtàn obìnrin kan ni, tó ń wá ọkọ rẹ̀ tó sọnù ní erékùṣù jíjìnnà kan, níbi tí gbogbo ará ibẹ̀ ti ń purọ́ fún un. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, ni wọ́n bá jọ rà á. Wọn yóò máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn yóò sì jọ ka orí tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá dá yọjú wo òpin, ọ̀dàlẹ̀ ni.

Bí Ṣèyítán tó ń fi ọ̀dà kun pátákó ìpolówó ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́bàá odò Ògùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí Ọmọ́bọ́lá tó ń gbé ní Mende ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Kò pẹ́ tí ìwé fi di àwáwí. Wọ́n ní ìfẹ́ àti oyún, kò sí èyí tó ṣeé fi pamọ́ títí, bàbá Ọmọ́bọ́lá sì gbọ́.

"Ajégúnlẹ̀ tí omi ń bò lọ́dọọdún?" ni Daddy wí. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, n ò ní gbé e fún omi."

Kò pẹ́ sí i tí odò Ògùn fi kún. Omi ya wọ Ajégúnlẹ̀, ó yí àdúgbò Ṣèyítán ká, ibẹ̀ wá di erékùṣù. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ọmọ́bọ́lá ń pè é tọ̀sán tòru. Òun ló wá di obìnrin inú ìwé yẹn.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ sétí omi ní Òwódé Onírin. Kò mọ̀wẹ̀ rárá. Bó ṣe ń wọ ọkọ̀ Shittu atukọ̀ ló gbọ́ ohùn Daddy, tó ti ń tẹ̀ lé e bọ̀ láti ilé.

"Bọ́lá! Sọ̀ kalẹ̀!"

"Ẹ má bínú, sir. Tí mo bá padà báyìí, n ò ní lè sùn mọ́ láyé mi."

Daddy wo omi, ó wo ọmọ. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì wọkọ̀ tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìkùnsínú.

Orí géètì ilé onílé ni wọ́n ń tukọ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n dé ilé Ṣèyítán, òrùlé nìkan ló yọ. Ọmọ́bọ́lá pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Daddy rọra di ọmọ rẹ̀ lápá mú.

"Aunty!" Ohùn kan dún láti òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. "Èmi ni mo tún kọ́kọ́ rí ẹ o!"

Ṣèyítán ni, tòun ti ìyá rẹ̀, Mama Keziah, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ọkọ̀ ti wá tí àyè ẹnì kan ṣoṣo kù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá kò lè dá sọ̀ kalẹ̀, ọmọ kò sì fi í sílẹ̀. Daddy gbọ́ èyí, ló bá gòkè lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló bá a gbé ìyá náà sọ̀ kalẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Ṣèyítán fa ìwé yọ láti inú ọ̀rá tó so mọ́ àyà. Ìwé náà nìkan ló rí kó jáde.

"O ti ka òpin rẹ̀," ni Ọmọ́bọ́lá wí, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni mí ni?"

"Ó yá, ká kà á."

"Kò tíì yá, olólùfẹ́ mi. Ó di ilé wa."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ọmọ́bọ́lá yíjú sí bàbá rẹ̀. Daddy wo Mama Keziah tó ti sùn lọ léjìká ọmọ rẹ̀, ó wúkọ́.

"Ilé yín yẹn, orí òkè ni kí ẹ gbà á sí o. Èmi ò ní máa wọkọ̀ ojú omi wá kí ọmọ-ọmọ mi."