Lẹ́tà Mẹ́ta Tí Tíṣà Kékeré Fi Báírò Pupa Kọ

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, Tíṣà Kékeré ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí pé ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó kan ọmọbìnrin ìyá aránṣọ kan, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọjọ́ kẹta rèé tí ìjókòó rẹ̀ ti ṣófo.

Ọ̀rọ̀ náà rú tíṣà lójú. Ọmọ yìí kì í rí pátákó dáadáa. Á fún ojú pọ̀, á na ọrùn, síbẹ̀ á kọ mẹ́ta síbi tí mẹ́jọ wà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni tíṣà ti kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ pé kó wá, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa ojú ọmọ. Ìyá kò wá. Lẹ́yìn lẹ́tà kẹta, ọmọ náà kò wá mọ́.

Ó lọ bá olùkọ́ àgbà tó ń tọ́ ọ sọ́nà. "Mà, ohun tó dáa ni mo kọ o. Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni? Àbí wọn ò bìkítà fọ́mọ wọn?"

"Ṣé o ti fojú kan ìyá náà rí?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta..."

"Mo ti gbọ́ ti lẹ́tà. Tí iléèwé bá ti parí, lọ kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn. Fi báírò ẹ sílẹ̀ níbí."

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó ń tú okùn lára aṣọ, aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Kíá ni ìyá dìde, ó dúró síwájú ọmọ.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti mú un kúrò fún yín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé e lójú ẹgbẹ́ ẹ̀."

"Ta ló fẹ́ lé e, mà?" Orí tíṣà túbọ̀ dàrú.

Ìyá fa àkísà kan yọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tú u. Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀.

"Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ pupa. Irú ìwé báyìí ni wọ́n fi lé èmi náà kúrò níléèwé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹyọ kan ni tèmi. Ẹ̀yin kọ mẹ́ta. Mi ò jẹ́ kó kà á, kó má baà sunkún."

Ojú ti tíṣà gan-an. Báírò tó fi ń máàkì ló fi kọ gbogbo rẹ̀. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Mà, ẹ foríjì mí. Ọmọ yín gbọ́n, òun ló ń ṣàlàyé ìṣirò fáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Ojú ló ń dà á láàmú. Mo ní kí ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò ni."

Ìyá jókòó. "Ojú? Èmi tí mò ń bú u lójoojúmọ́ pé ó ń fi imú nu aṣọ oníbàárà."

Lẹ́yìn náà ni tíṣà béèrè ohun tó yẹ kó ti béèrè láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: "Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n máa ránṣẹ́ sí yín, mà?"

"Ẹ pè mí lórí fóònù. Tàbí kẹ́ ẹ yà síbí."

Ọmọ náà ti ní awò ojú báyìí. Ó ń ka pátákó láti ìlà ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ òbí kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ dáadáa ọmọ kí ẹ tó sọ ìṣòro rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ìwé kan bá wá láti iléèwé tí kò yé yín, ẹ má fi ọmọ pamọ́ sílé. Ẹ lọ béèrè. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ yìí fi jókòó sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, kò sì sẹ́ni tó lé e.